Ǹjẹ́ Ẹni tí Ń Kọ́ni Lè Ṣíwọ́ Ẹ̀kọ́ Kíkọ́ Bí?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń rò lọ́kàn wa láti ọjọ́ pípẹ́, tí a sì fẹ́ bá yín gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn ti oṣù yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni èyí: bí ènìyàn bá ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ bí ó ti yẹ, tí ó yege, tí a sì fi ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́ pé ó tó láti kọ́ ọmọ ẹlòmíràn, ǹjẹ́ ó tún ku ohun kan tí ó jẹ ní gbèsè? Àbí ó ti san gbèsè rẹ̀ tán? Díẹ̀ nínú wa ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti kẹ́kọ̀ọ́ tán, ṣùgbọ́n ìwà wa a máa sọ ọ́ fún wa. Ìwé tí a kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni a ṣì dì mú; àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí a ṣe ní ọdún kìíní iṣẹ́ wa náà ni a ń dà kọ lọ́dọọdún, déètì orí rẹ̀ nìkan ni a ń pààrọ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi ti ara wa, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé orí òkè ni a dúró sí tí a ń bá àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ wí.

Ní bí 20 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, a ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara. A ya àwòrán ahọ́n sí ojú pátákó, a sì pín in bí ẹni pín oko. A ní ṣóńṣó ahọ́n ni a fi ń mọ adùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni a fi ń mọ iyọ̀ àti ohun kíkan, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún ni a sì fi ń mọ ìkorò. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí, bẹ́ẹ̀ sì ni a ṣe kọ́ àwa náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́ sókè. Ó ti já ewé ewúro lẹ́yìnkùlé wọn, ó sì mú díẹ̀ dání. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, mo fi ewúro kan ṣóńṣó ahọ́n mi, n kò jẹ́ kí ó kan ẹ̀yìn rárá, síbẹ̀ ó korò.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. A wí fún un pé kí ó jókòó, pé ẹni tí ó kọ ìwé mọ̀ jù ú lọ. Nígbà tí ìdánwò dé, ìbéèrè náà wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà kọ ohun tí ahọ́n rẹ̀ sọ fún un. A fi yíǹkì pupa fa ìlà lé e, a kò sì fún un ní máàkì. Láti ọjọ́ náà lọ títí ó fi jáde ní kíláàsì wa, a kò rántí pé ó tún nawọ́ sókè mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà mú kí a ti àwọn ilé-ìwé pa káàkiri ilẹ̀ wa, gbogbo wa sì jókòó sílé. Ní àkókò náà ni olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan fi ẹ̀kọ́ kan hàn wá lórí fóònù rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí a ṣe fún àwọn olùkọ́ lórí bí a ti ń kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Níbẹ̀ ni a ti kà á pé ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Hänig ni ó dán ahọ́n wò, tí ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1901, pé ìyàtọ̀ díẹ̀ wà láàárín apá kan àti èkejì. Ní 1942, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Edwin Boring, tún ọ̀rọ̀ náà gbé kalẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti ya àwòrán rẹ̀ mú kí àwọn tí ó kà á rò pé apá kan kò lè mọ ohun tí apá kejì mọ̀ rárá. Láti ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti wọ inú ìwé àwọn ọmọdé. Ní 1974, obìnrin kan tí ń jẹ́ Virginia Collings tún un dán wò, ó sì rí i pé ìyàtọ̀ náà kéré púpọ̀, àti pé gbogbo apá ahọ́n tí ń mọ ìtọ́wò ni ó lè mọ adùn, iyọ̀, kíkan àti ìkorò. Nígbà náà, ó ti lé ní 30 ọdún tí a ti tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe kí àwa tó pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́. Ọmọ náà ni ó tọ̀nà. Àwa ni a gba máàkì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wádìí ibi tí ẹ̀bi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè wa gbé wà.

Àìmọ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ tí ó bá fẹ́ dúró dìgbà tí òun yóò mọ ohun gbogbo kí ó tó kọ́ ọmọ, kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni láéláé. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ọ̀kan wà tí ó jẹ́ pé ọ̀nà kò sí. Ìwé kò dé ọ̀dọ̀ ẹni náà, kò sì sí ẹni tí ó lè bi léèrè. Ẹni tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, a kò lè bá a wí. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n ẹni náà kò wọlé, nítorí pé ó rò pé òun ti mọ̀ tó. Ìwọ̀n bí ilẹ̀kùn ti ṣí tó ni ìwọ̀n ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn bàbá wa tí ó kọ́ ọmọ lábẹ́ igi pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo kò ní ẹ̀bi bí wọ́n bá ṣì í. Àwa tí a gbé fóònù sí àpò láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kí ni a ó wí?

Síbẹ̀, bí a ti ń rò ó lọ, a rí i pé ẹ̀bi wa nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ẹ̀rí wà ní ọwọ́ ọmọ náà. Ewúro ni. Kò gba owó, kò gba iná mànàmáná. Bí a bá ti gba ewé kan lọ́wọ́ rẹ̀, tí a fi kan ahọ́n ara wa, a bá ti mọ òtítọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí kò jẹ́ kí a ṣe é ni pé a ti gbàgbé bí a ti ń jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. A ti di ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí a sì ń gbọ́ tirẹ̀. A kì í ṣe ẹni tí a lè tọ́ sọ́nà mọ́. Nítorí náà, gbèsè tí olùkọ́ jẹ kì í ṣe pé kí ó mọ ohun gbogbo. Gbèsè rẹ̀ ni pé kí ó máa wà ní ipò ẹni tí a lè tún ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn àgbà kò ṣàìmọ èyí tí wọ́n fi sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ tún wò ó. Bí oníṣòwò bá fi òṣùwọ̀n èké wọn gàrí fún oníbàárà, ó lè dá owó padà lọ́la. Bí télọ̀ bá ba aṣọ jẹ́, ó lè ra òmíràn san. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ ní òdì ti jáde lọ, ó ti dàgbà, ó sì ti lè kọ́ ọmọ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí iṣẹ́ olùkọ́ fi béèrè ìṣọ́ra ju iṣẹ́ mìíràn lọ.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ohun àjèjì ni kí àgbàlagbà tí ó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tún máa kẹ́kọ̀ọ́, tàbí kí ó máa kọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Samuel Ajayi Crowther wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní 1827. A fi í jẹ oyè àlùfáà ní 1843. Ẹni tí ó fẹ́ ṣíwọ́ ìbá ti ṣíwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1857, nígbà tí ó sún mọ́ ẹni 50 ọdún, ó ṣe ìwé àkọ́kà ní èdè Ìgbò, èdè tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ó sì ní láti jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn tí ó ni ín kí ó tó lè kọ́ ọ. Bákan náà, Yunifásítì ti Lọ́ńdọ̀nù ti ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò gbé inú ọgbà rẹ̀ láti 1858, ilé-ẹ̀kọ́ Wolsey Hall, tí a dá sílẹ̀ ní 1894, sì ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ nípa lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé ní ilẹ̀ wa ni ó gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní pósófíìsì, tí wọ́n kà á lẹ́bàá fìtílà lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Olóyè Obafemi Awolowo, tí òun náà ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò láti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 nípa irú ẹ̀kọ́ báyìí, láì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, a dá National Teachers’ Institute sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1976, kí àwọn olùkọ́ lè máa kẹ́kọ̀ọ́ láì fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀.

Ohun tí ó dé ní ìgbà tiwa ni pé fóònù ti rọ́pò lẹ́tà. Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1969, ṣí OpenLearn ní 2006, níbi tí ẹnikẹ́ni lè gbé ka ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Khan Academy bẹ̀rẹ̀ ní 2008, Coursera sì bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Nínú irú àwọn ibi wọ̀nyí, ẹ̀kọ́ wà lórí ìṣirò, lórí bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, lórí bí a ti ń ran ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa tàbí tí kò ríran dáadáa lọ́wọ́, àti lórí bí a ti ń ṣe ìdánwò tí kò rẹ́ ọmọ jẹ. Ìjọba pẹ̀lú kò fi ọ̀ràn náà ṣeré. Ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, èyí tí òfin 1993 dá sílẹ̀, ti fi í ṣe ọ̀ranyàn pé kí olùkọ́ máa kẹ́kọ̀ọ́ síwájú sí i lẹ́yìn ìgbà tí ó ti gba ìwé àṣẹ.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ohun tí wọ́n fẹ́ wí sí èyí, kò sì yẹ kí a pa wọ́n lẹ́nu mọ́ bí a ti pa ọmọ yẹn.

Àwọn kan yóò wí pé, “Owó oṣù wa kò tó jẹun. Dátà wọ́n, iná kì í dúró. Níbo ni kí a ti mú un wá?” Òtítọ́ ni. A kò gbọ́dọ̀ di ẹrù tí ó yẹ kí ènìyàn méjì gbé lé orí ẹnì kan. Ẹni tí ó rán ènìyàn lọ sí oko ní í fún un ní ọkọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-ìwé, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe alákòóso rẹ̀, bí ẹ bá ń béèrè ìwé ẹ̀rí tuntun lọ́wọ́ olùkọ́, ǹjẹ́ ẹ fún un ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti fi kẹ́kọ̀ọ́? Ǹjẹ́ ẹ ra dátà fún un? Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ẹ kò ní ẹnu láti bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Dátà tí a fi ń wo eré àti awuyewuye lórí fóònù, owó ni a fi rà á.

Àwọn mìíràn yóò wí pé àwọn òyìnbó ni ó ṣe ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀kọ́ yìí, fún kíláàsì tí ọmọ 20 wà nínú rẹ̀, tí olúkúlùkù sì ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kí ni ó kàn wá, àwa tí a ní ọmọ 60 nínú yàrá kan? Èyí pẹ̀lú tọ́. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀kọ́ náà wá odindi yóò rí i pé kò bá ilé-ìwé òun mu. Ṣùgbọ́n télọ̀ kì í ju aṣọ nù nítorí pé ó gùn jù. Ó máa ń gé e. Bí ẹ̀kọ́ bá wí pé kí a fi yìnyín ṣe àpẹẹrẹ, a mọ bí a ó ti fi òrí àti epo pupa tí ó dì ní ìgbà ọyẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ìmọ̀ olùkọ́ ni ó wà nínú mímọ ibi tí a ó gbé gé e.

Àwọn ẹ̀kẹta kì í jiyàn. Wọ́n gbà kíákíá, nítorí pé ìwé ẹ̀rí nìkan ni wọ́n ń wá. A ti rí ẹni tí ó san owó fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan kí ó bá òun tẹ gbogbo ìdáhùn, kí orúkọ òun lè jáde lórí ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a ronú jinlẹ̀ lórí èyí. Ojú wo ni irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi wo ọmọ tí ó ká mọ́ ibi tí ó ti ń wo ìwé ẹlòmíràn nínú ìdánwò? Ó ti pàdánù ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan kò lè fún un padà. Olùkọ́ tí kò kẹ́kọ̀ọ́ rárá ṣì sàn jù ú lọ, nítorí pé ẹni yẹn kò tíì purọ́.

A mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ láì parí. Nínú àwọn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú 100 ènìyàn tí ó forúkọ sílẹ̀, àwọn tí ó parí rẹ̀ kì í sábà tó 15. Nítorí náà, a fẹ́ fi ìmọ̀ràn díẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwa fúnra wa ti dán wò.

Èkíní, ẹ má ṣe dá nìkan kà á. Kí olùkọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó ara wọn jọ yí fóònù kan ká ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Owó dátà yóò fúyẹ́, ẹnì kan kò sì ní jẹ́ kí èkejì sùn. Èkejì, ẹ mú ẹ̀kọ́ tí ó kan ibi àìlera yín. Ẹni tí ó mọ ìṣirò dáadáa a máa fẹ́ràn àtikọ́ ìṣirò sí i, ṣùgbọ́n ibi tí a kò fẹ́ kí ọ̀gá ilé-ìwé wọlé bá wa ni ó yẹ kí a lọ. Ẹ̀kẹta, ohun kan tí ẹ bá kọ́ ní ọjọ́ Ajé, ẹ dán an wò ní kíláàsì kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, kí ẹ sì sọ fún ara yín bí ó ti rí. Ẹ̀kọ́ tí kò dé ojú pátákó kò tíì di ẹ̀kọ́. Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí ìwé ẹ̀rí kẹ́yìn.

Èrè kan tún wà tí a kò retí. Nígbà tí a ń ka ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì yẹn, a kùnà nínú ìdánwò kékeré tí ó wà ní ìparí rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ojú tì wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó rí wa. A fẹ́ dá fóònù náà dúró, kí a sì wí pé ìbéèrè náà kò dára. Lójijì a rántí pé bí ó ti ń rí lára àwọn ọmọ wa lójoojúmọ́ nìyí, ó sì ti tó 15 ọdún tí a ti bọ́ kúrò ní ipò wọn. Láti ìgbà náà, ọwọ́ tí a fi ń lo yíǹkì pupa ti rọ̀ díẹ̀. A kì í fa ìlà mọ́ kí a tó béèrè lọ́wọ́ ọmọ bí ó ti ṣe dé ibi tí ó dé.

Nítorí náà, ìdáhùn wa ni pé rárá, ẹni tí ń kọ́ni kò lè ṣíwọ́ ẹ̀kọ́ kíkọ́. Bí ó bá ṣíwọ́, yóò máa sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò kọ́ wọn mọ́.

A kò mọ ibi tí ọmọbìnrin yẹn wà lónìí. Yóò ti di àgbà. Ó tilẹ̀ lè ti di ìyá ọmọ, tàbí olùkọ́ pẹ̀lú. Bí ìwé ìròyìn yìí bá bọ́ sí i lọ́wọ́, kí ó mọ̀ pé òun ni ó tọ̀nà, àti pé olùkọ́ rẹ̀ ti fi ewúro kan ṣóńṣó ahọ́n ara rẹ̀. Ó pẹ́ kí a tó ṣe é, ṣùgbọ́n a ṣe é. Ó korò.